Ìyá Nọ́ọ̀sì Ti Di Ìyá Ọlọ́dà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu gbogbo ènìyàn kò lé lórí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì ń fi ọ̀dà ya àwòrán ènìyàn: "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mà, kí ẹ máa rí nǹkan fi dára yá." Pásítọ̀ wa sọ ọ́. Àbúrò mi tó wà l'Ábẹ́òkúta sọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sọ tirẹ̀, ó wá fi ìtàn Grandma Moses tì í lẹ́yìn lórí WhatsApp: ìyá àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún kó tó gbájú mọ́ àwòrán kíkùn, tó sì di ẹni ọdún 101 kó tó kú ní ọdún 1961.

Mo ka ìtàn náà tán, mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ ibi tí ọmọ mi ń tọ́ka sí kọ́ lojú mi lọ. Ìyá yẹn ti ń fi òwú ya àwòrán sára aṣọ tẹ́lẹ̀. Làkúrègbé ló dé sí i lọ́wọ́ tí abẹ́rẹ́ ò ṣeé dì mú mọ́, ló bá gbé búrọ́ọ̀ṣì. Oko tó fojú rí láti kékeré, tó fi òwú yà, òun náà ló wá ń fi ọ̀dà yà. Ta ló wá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Èmi náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lónìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdárayá yẹn ńkọ́? Ẹni tó ń dára yá kì í gba àsansílẹ̀. Èmi ń gbà á.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Nígbà tèmi, òfin iṣẹ́ ọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì bó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí bó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún 35 ló kọ́kọ́ dé bá mi, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wa rò pé ọwọ́ nìkan la fi ń gbẹ̀bí, bẹ́ẹ̀ ojú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ohun márùn-ún là ń wò lára rẹ̀ bó bá pé ìṣẹ́jú kan, a ó tún wò ó bó bá di ìṣẹ́jú márùn-ún: mímí rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí iṣan rẹ̀ ṣe le sí, bó ṣe ń dáhùn bí a bá fọwọ́ tọ́ ọ, àti àwọ̀ ara rẹ̀. Dókítà Virginia Apgar ló la ohun márùn-ún yẹn sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1953, orúkọ rẹ̀ náà la sì fi ń pe àyẹ̀wò yẹn títí dòní. Nínú márààrún, àwọ̀ ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bá dà bí ẹni fara kan aró, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò lọ. Bó bá jẹ́ ètè àti ahọ́n ni, ẹ sáré.

Ó wá kan ọmọ tí ara rẹ̀ ń pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní jọ́ńdíìsì. Lára ọmọ tó dúdú, ẹ ò lè kàn wò ó gààràgà kí ẹ rí i. Ẹ ó fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ tàbí ṣóńṣó imú rẹ̀, ẹ ó gbọ́wọ́ kúrò, àwọ̀ tó bá yọ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀ lẹ ó wò. Ẹ ó wo ẹyinjú, ẹ ó wo èrìgì. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wò ó lábẹ́ gílóòbù, nítorí gílóòbù á sọ gbogbo ọmọ di apọ́nra. Ẹnu fèrèsé la máa ń gbé ọmọ lọ. Mo lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sẹ́nu fèrèsé títí wọ́n fi sọ mí ní Màmá Fèrèsé lẹ́yìn mi. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ẹnu fèrèsé náà ni ísẹ́ẹ̀lì mi, igi tí mo ń gbé àwòrán lé, wà báyìí. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, bí wọ́n mú iná wá, bí a tan jẹnẹrétọ̀, mi ò ní po ọ̀dà mọ́. Mo lè na kánfáàsì, aṣọ tí a ń ya àwòrán sí, mo lè fọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí mo bá pò lábẹ́ iná lálẹ́, yóò dójú tì mí láàárọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yaba Tech, tó ní ìsọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ni mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà olóróró. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwòrán bí ọmọ ṣe ń sùn nínú ikùn ni mo máa ń yà, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń yà á sára bọ́ọ̀dù fún àwọn aboyún. Ọjọ́ tí a kan àwọ̀ ojú ènìyàn, àwọn ọmọdé tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ tẹ dúdú jáde, wọ́n tẹ funfun jáde, wọ́n pò wọ́n pọ̀. Eérú ló jáde. Mo wo ojú tí ọ̀kan nínú wọn kùn, mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tí o yà yìí, ṣé ó ti kú ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ti tọ́jú òkú, mo mọ àwọ̀ tí ń bẹ lára wọn.

Tíṣà kó gbogbo túùbù dúdú kúrò lórí tábìlì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dúdú, kó pò ó fúnra rẹ̀: burnt umber àti ultramarine, ilẹ̀ tí wọ́n fi iná sun àti búlúù tó jinlẹ̀. Ẹ pò wọ́n wò. Dúdú tó ń mí ni. Bí búlúù bá pọ̀ jù, ó tutù; bí umber bá pọ̀ jù, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Dúdú inú túùbù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú ojú kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ni mo kọ́kọ́ kùn tí ó wù mí. Ó dúdú minimini. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀. Iwájú orí rẹ̀ ń dán, àmọ́ ìdán yẹn ò funfun: ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀, nítorí náà búlúù díẹ̀ ni mo fi lu funfun kí n tó kàn án síbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba burnt sienna, ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi iná sun, torí ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ òde níbẹ̀. Kòtò ojú rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, mo fi alizarin, ọ̀dà pupa tó jinlẹ̀, àti ultramarine pò ó. Ètè ìsàlẹ̀ pọ́n ju tòkè lọ. Etí ni mo fẹ́ràn jù: nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn etí wá, etí ẹni tó dúdú jù lọ láyé á pọ́n fòò. Àwọn tí kò bá gbà mí gbọ́, kí wọ́n pe ọmọ wọn kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Búbá aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Àwọ̀ ewé yẹn ń tàn sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń tàn sí ọrùn rẹ̀. Bí ẹ ò bá fi í síbẹ̀, orí á wà lọ́tọ̀, aṣọ á wà lọ́tọ̀. Funfun ojú náà kì í funfun. Mo máa ń fi yellow ochre, ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè bí amọ̀, díẹ̀ sí i, mo máa ń fi eérú búlúù díẹ̀ sí i. Àgbàlagbà tí funfun ojú rẹ̀ bá funfun bíi tákàdá, ère ni ẹ kùn.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, kò sí èyí tí Tíṣà fi yà mí lẹ́nu. Orúkọ àwọn túùbù ló fún mi. Ojú ti ń rí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ohun tó ṣòro ju ọ̀dà lọ ni pé àgbàlagbà ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, á ní, "Kí lo kùn síbẹ̀ yìí? Pa á rẹ́ jàre!" Bó bá dé ọ̀dọ̀ tèmi, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ó dáa, Mà. Ẹ kú iṣẹ́, Mà." Imú tí mo yà ti wọ́ lọ sápá òsì, ó ní ó dáa. Mo wá pè é sẹ́yìn ìsọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Tíṣà, gbọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì, ẹni tí mo bá ń sọ pé 'ó dáa' fún lójoojúmọ́ ni ẹni tí mo ti yọwọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Ṣé o ti yọwọ́ ọ̀rọ̀ mi ni?" Ó ní, "Áà, rárá o, Mà!" Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ̀dà kún.

Ọgbọ́n tó wá dá sí i ni mo ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí dòní. Kò bá mi wí. Àwòrán ló ń bá wí. Á dúró síwájú rẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn: "Ìwọ àwòrán yìí, ta ló fà ọ́ nímú? Ọrùn rẹ dà? Ṣé bí o ṣe máa jáde lọ bá àwọn ènìyàn nìyí?" Á wá yíjú sí mi: "Ẹ má bínú, Mà, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí." Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ bí a ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ tèmi. Mo sì mọ̀ pé bí kò bá rí ọ̀nà bú àwòrán yẹn, imú yẹn ì bá ṣì wà lápá òsì.

Bí wọ́n bá ní mo ti pẹ́ jù kí n tó bẹ̀rẹ̀, Aina Onabolu, àgbà ayàwòrán wa, ni mo máa ń dárúkọ. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti kékeré ló ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó, tó ń dà á kọ, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe l'Ékòó, ọdún 1920 ló tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ti di ẹni ọdún 38. Ẹni ọdún 38 kì í ṣe arúgbó, mo mọ̀, àmọ́ ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ìjọba lónìí bóyá yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹni ọdún 38 nítorí ọ̀dà. Ó padà dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó, akitiyan rẹ̀ ló sì mú kí ìjọba gba Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ ọnà, wá ní 1927 láti kún un lọ́wọ́. Ní ọdún 1922 yẹn ló kun àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Sisi Nurse. Mo gé ẹ̀dà rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Orúkọ yẹn nìkan ti tó fún mi.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo náà ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn òyìnbó Ulli Beier àti Georgina ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọnà lọ́dọ̀ Duro Ladipo onítíátà, ní ibùdó ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo, Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná tíátà. Muraina Oyelami ará Ìragbìjí, òṣèré ni, onílù ni. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ gbé ìwé ẹ̀rí wá, kò sì sí ẹni tó ní wọ́n ń fi dára yá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "àwòrán lásán", ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́jà. Gbági ni mo ti ń ra aṣọ funfun tó ki. Bódìjà ni mo ti ń ra pákó, káfíńtà á gé e, á kàn án ní fírémù, bàbá àwọn ọmọ mi á bá mi na aṣọ náà mọ́ ọn. A ó fi gúlúù tí a là pa aṣọ náà, torí bí òróró inú ọ̀dà bá kan aṣọ lásán, bó pẹ́ bó yá, á jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà la ó fi ọ̀dà ẹmọ́ṣọ̀nù funfun kùn ún lákùntúnkùn, a ó máa fi sáńpépà rá a láàárín. Èyí ni pé mi ò tíì ya nǹkan kan o. Túùbù ọ̀dà, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, láti ìgbà tí ìjọba sì ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹni tó ń tà á fún mi ti sọ fún mi pé kí n má bi òun ní iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá. Funfun ló ń tán jù. Ẹ wò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ nípa awọ dúdú yìí, funfun ló ń ná mi lówó.

Bàbá àwọn ọmọ kọ́kọ́ bínú sí òórùn tapentáìnì. Ní báyìí, òun ni ọ̀gá tó ń na kánfáàsì. A ní ìjà kan péré, ti àkísà: òróró linseed kì í gbẹ bí omi, afẹ́fẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́ tó fi ń le, iṣẹ́ yẹn sì ń mú ooru wá. Bí ẹ bá ká àkísà tí òróró yìí rin jọ sínú garawa, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Mo ní kó máa tẹ́ ẹ sórí okùn níta. Ó ní mò ń sọ ilé òun di ilé alágbàfọ̀. Ó ń tẹ́ ẹ.

Ti oníbàárà ló kù. Ọkùnrin kan gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán kalẹ̀ níbi ìrántí ọdún kẹwàá. Ó jókòó, ó yíra padà lórí àga, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ́ kí wọ́n pupa díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àlejò máa pọ̀."

Mo ní, "Ìyá yín pupa ni?"

"Rárá o, Mà. Wọ́n dúdú."

"Ta wá lẹ fẹ́ kí n yà, ìyá yín àbí ìyá ẹlòmíì?"

Kì í ṣe òun nìkan. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ó pọ̀ tó ń béèrè bẹ́ẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Fóònù ti bá ojú jẹ́: ẹ ya fọ́tò báyìí, ó ti bó yín láwọ̀ kí ẹ tó wò ó. Mo ti rí ohun tí ìpara abóra ń ṣe lára àwọn aboyún, mo ti rí awọ tí kò gba abẹ́rẹ́ ìránsọ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mi ò ní wá fi búrọ́ọ̀ṣì parí iṣẹ́ tí ìpara bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọkùnrin yìí ni pé mo gbé ìyá rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. Mo jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú bó ṣe dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, àǹtí ìyá náà bá wọn wá, àgbàlagbà tí wọ́n ń dì lọ́wọ́ mú. Màmá yìí dúró síwájú àwòrán, wọ́n ki í ní oríkì, omi lé ròrò sójú wọn. Ọkùnrin yìí ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí a nu ojú tán, wọ́n tún ná mi.

Mi ò gbà. Ìdajì la ń gbà kí n tó fọwọ́ kan pákó, ìdajì kejì kí àwòrán tó kúrò nílé. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà kàn ń fi ṣeré ni, Mà." Mo kó rìsíìtì pákó, ti aṣọ, ti túùbù jáde sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n ná àwọn yẹn ná.

Ó ku ojú mi fúnra mi. Ojú àgbà kì í rí àwọ̀ bíi ti ọmọdé, dígí inú ojú ń di aláwọ̀ ìyeyè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé olójú mọ̀. Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ní kátáráàtì, àrùn tó ń mú kí dígí inú ojú ṣú, àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń ṣókùnkùn, títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọdún 1923. Èmi ń lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lóòrèkóòrè. Mo ní awò méjì, ọ̀kan fún kánfáàsì, ọ̀kan fún ẹni tí mo ń wò, wọ́n ń fi okùn kọ́ ọrùn mi. Ọ̀dà mi ní ààyè lórí páléètì, pákó tí mo ń po ọ̀dà sí, funfun lápá ọ̀tún, búlúù lápá òsì pátápátá, bí mo ṣe máa ń to irinṣẹ́ sórí tíréè ìgbẹ̀bí. Bí ojú bá ṣì mí, ọwọ́ á mọ ibi tó wà.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni àwọn agbẹ̀bí àtijọ́, àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́: aṣọ funfun gbọ́nrín, bẹ́líìtì, fìlà tí wọ́n fi sítáàṣì gbẹ. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún èyí, èmi ni mo rán ara mi. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín jẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú yòówù, bí ẹ bá ní fọ́tò wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí wọ́n yà níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé ló dára jù. Bí wọ́n bá ti fi fóònù tún un ṣe, ẹ mú un mọ́wọ́. Fọ́tò aláìláwọ̀ tí wọ́n yà láyé àtijọ́ kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé bí ara wọn ṣe dúdú tó, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ tètè ṣe é o. Ọ̀dà olóróró kì í yára gbẹ, mo sì fẹ́ kí àwọn àkọ́kọ́ gbẹ kí ọyẹ́ tó gbé eruku dé.